Ẹ̀rí Tẹ̀mómítà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí ó ń parí ìjà láàrin ẹni méjì ni wọ́n pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó lọ́kàn pé kò sí iṣẹ́ tí ó bá mu tó iṣẹ́ àwọn tí ó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́. Ẹlẹ́rìí tiwọn kì í ṣe ènìyàn. Tẹ̀mómítà ni, agolo tí a gbé kalẹ̀ fún òjò ni, abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí ni. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kì í gba rìbá, kì í ní ọ̀tá, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé kò lè purọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé oòrùn àná mú ju ti ìjẹta lọ, a lè bá a jiyàn; ṣùgbọ́n bí ó bá fi nọ́ńbà lé e, a ó dákẹ́.

Ìtàn nọ́ńbà méjì ni mo fẹ́ sọ. Irọ́ ni ọ̀kan, gbogbo ayé sì gbà á gbọ́ fún àádọ́rùn-ún ọdún. Òótọ́ ni èkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ṣọ́nà fura sí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹni gbà á gbọ́. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí ohun tí àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ jẹ́ gan-an, èyí tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó jẹ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí á mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ibi tí a bá gbé tẹ̀mómítà sí ni ó ti lè sọ òótọ́. Bí a bá gbé e sínú oòrùn gangan, ooru ara rẹ̀ ni yóò sọ fún wa, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Bí a bá gbé e sún mọ́ ògiri tàbí páànù, ìròyìn ògiri àti ti páànù ni yóò máa mú wá. Òǹkàwé tí ó bá ti dé ọgbà IITA ní Ìbàdàn, tàbí tí ó bá ti wo ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú dáadáa, lè ti rí àpótí funfun kan tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí a fi pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ṣe ara rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí ìtànṣán oòrùn má sì ráyè wọlé. Thomas Stevenson, ará Scotland kan tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ kíkọ́ ilé iná tí ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, ni ó gbé irú àpótí náà jáde ní àwọn ọdún 1860. Òun náà ni baba Robert Louis Stevenson tí ó kọ ìtàn Treasure Island: baba ń kan àpótí fún tẹ̀mómítà, ọmọ ń wá àpótí ìṣúra. Ní ọdún 1873, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Vienna kí wọ́n lè fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa wọn nǹkan àti bí a ó ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ara ìpàdé yẹn ni ẹgbẹ́ tí ó di Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, ní ọdún 1950 ti ṣẹ̀. Àdéhùn ni ó sọ nọ́ńbà di ẹ̀rí. Níbi tí kò bá ti sí àdéhùn, àhesọ lásán ni.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, ní El Azizia, ìlú kékeré kan ní gúúsù Tripoli ní ilẹ̀ Líbíà, ọkùnrin kan wo tẹ̀mómítà, ó sì kọ dígírì 58 sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, 136.4 ni. Àwọn ará Ítálì ni ó ń ṣe àkóso ibẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ ogun wọn ni ó sì wà ní ibùdó tí ẹ̀rọ náà wà. Kí òǹkàwé lè mọ bí ooru náà ti pọ̀ tó, kí ó rántí pé ara ènìyàn tí kò ṣàìsàn wà ní nǹkan bíi dígírì 37, àti pé ooru oṣù kẹrin ní Sókótó tàbí Máídúgùrí, èyí tí ó ń lé àwọn ará ibẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá lóru, máa ń kọjá 40 díẹ̀. Ní 58, irin tí oòrùn pa kò ṣe é fọwọ́ kàn.

Nọ́ńbà náà rìn jìnnà. Ó wọ inú ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò, ó wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, ó di ìbéèrè ní ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé. Èmi pẹ̀lú kọ́ ọ sórí: ibi tí ó gbóná jù lọ ní ayé, El Azizia. Kò sí olùkọ́ tí ó sọ fún wa pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó rí i, pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni, àti pé ibẹ̀ kò jìnnà sí etíkun níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń tu ènìyàn lára. Àwọn onímọ̀ kan ṣiyèméjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Amilcare Fantoli, ará Ítálì tí ó mọ iṣẹ́ ojú ọjọ́ Líbíà dunjú, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n iyèméjì kò ní orúkọ, nọ́ńbà ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ oyè lórí olóyè gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi hàn.

Ní ọdún 2010 ni WMO tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀. Randy Cerveny, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Arizona, ni ó ń bójú tó àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí ó ga jù lọ fún àjọ náà. Christopher Burt, òpìtàn ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó ta wọ́n jí. Bẹ́ẹ̀ ni Khalid El Fadli, olórí ẹ̀ka ojú ọjọ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba Líbíà fúnra rẹ̀. Ipa ti El Fadli ni ó wú mi lórí jù. Òun ni ó wá ojú ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí ní 1922 rí, ojú ìwé gan-an, kì í ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Líbíà ní 2011. Fún oṣù mélòó kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun kò gbúròó rẹ̀ rárá, wọn kò sì mọ̀ bí ó wà láàyè. Nígbà tí ó tún padà bá wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ yẹn ni ó padà sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí ni ti ooru ọdún 1922 nígbà tí ìbọn ń dún. Ó sì tún jẹ́ pé oyè orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni ó ń bá wọn yẹ̀ wò, oyè tí yóò kúrò ní Líbíà bí òótọ́ bá jáde. Kò fi pa mọ́.

Kí ni ojú ìwé náà sọ? Láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, ọwọ́ tuntun ni ó ń kọ ọ́. Ẹni àtijọ́ ti lọ, ẹni tuntun ti dé, ẹni tuntun náà kò sì tíì mọ iṣẹ́ náà. A mọ èyí nítorí pé ó ń kọ ooru tí ó ga jù lọ lójúmọ́ sí àyè tí ó yẹ fún èyí tí ó kéré jù lọ, ó sì ń kọ èyí tí ó kéré jù lọ sí àyè èyí tí ó ga. Èyí nìkan kò sọ 58 di irọ́. Ènìyàn lè kọ òótọ́ sí àyè tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí bá dé iwájú adájọ́ tí ó sì ṣi orúkọ ara rẹ̀ pè, adájọ́ yóò jókòó dáadáa kí ó tó gbọ́ ìyókù.

Ìyókù wà nínú tẹ̀mómítà náà fúnra rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n lò ni ti James Six, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe é ní ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ sá sí. Ọ̀pá dígí kan ni a tẹ̀ kọ bí ìkọ́, tí mẹ́kúrì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní apá méjèèjì, irin tín-ín-rín kan wà lórí mẹ́kúrì. Bí ooru bá ń pọ̀, mẹ́kúrì a máa ti irin apá kan gòkè. Bí ooru bá rọlẹ̀, mẹ́kúrì a padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n irin a dúró síbi tí ó dé, gẹ́gẹ́ bí èèpo àti igi tí odò tí ó kún fi sílẹ̀ ní bèbè. Ìsàlẹ̀ irin náà, níbi tí ó ti fara kan mẹ́kúrì, ni a gbọ́dọ̀ kà. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ka orí rẹ̀. Irin náà sì gùn tó nǹkan bíi dígírì méje lórí òṣùwọ̀n. Bí a bá yọ méje nínú 58, ó ku 51: ooru líle ni, ṣùgbọ́n ooru tí ilẹ̀ Líbíà mọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá pe àwọn ẹlẹ́rìí yòókù, bí òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n wo ohun tí àwọn ibùdó mìíràn ní àyíká kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tí ó bá 58 mu. Wọ́n wo ohun tí El Azizia fúnra rẹ̀ kọ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Kò tún dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n wo ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà dúró lé, wọ́n rí i pé ohun kan tí ó dà bí ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe iyanrìn aṣálẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, tí ó pé àádọ́rùn-ún ọdún géérégé, WMO kéde pé òun ti yọ oyè náà lórí El Azizia.

Ohun tí ìgbìmọ̀ náà fi ọdún méjì ṣe, kọ̀ǹpútà ń ṣe irú rẹ̀ lónìí ní ìṣẹ́jú akàn. Ó ń béèrè bóyá èyí tí ó ga jù lọ kò kéré ju èyí tí ó kéré jù lọ. Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti mú akọ̀wé El Azizia ní ọjọ́ kìíní. Ó ń wò ó bóyá nọ́ńbà náà fò sókè lójijì ju bí ojú ọjọ́ ti lè fò lọ, tàbí bóyá ẹ̀rọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọjọ́ gbogbo bí ayékòótọ́, èyí tí ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò yà sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò láti gbọ́ tẹnu wọn.

Bí ìtàn bá parí síbí, òǹkàwé yóò rò pé iṣẹ́ àyẹ̀wò kò ju pé kí á máa lé nọ́ńbà tí ó bá ṣàjèjì jáde. Èrò tí ó léwu ni. Nọ́ńbà kejì ni yóò fi hàn.

Òsóònù jẹ́ afẹ́fẹ́ kan tí ó tẹ́ bí aṣọ sí òkè réré, tí ó ń gba ìtànṣán olóró láti inú oòrùn sára kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀n ọ́n láti àárín àwọn ọdún 1950 ní Halley, ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ayé. Ẹ̀rọ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Dobson ti Oxford ṣe ni wọ́n ń lò, orúkọ rẹ̀ náà ni a fi ń pe ìwọ̀n ọ̀hún. Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, ìwọ̀n Dobson 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń rí. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1970 sí 1980, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní 1984, ó ti wálẹ̀ dé bíi 200.

Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Farman kò sáré lọ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó kọ́kọ́ fura sí ni ẹ̀rọ tirẹ̀, tí ó ti gbó. Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ sí Halley, òmíràn náà sọ ohun tí ti àtijọ́ sọ. Wọ́n wo ibùdó wọn kejì ní Argentine Islands, níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìsàlẹ̀ ayé tó Halley. Ó ń dín kù níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò tó ti Halley. Síbẹ̀, ohun kan kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní sátẹ́láìtì Nimbus 7 lókè láti 1978, tí ó ń wo gbogbo ayé. Bí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí wọn kò sọ?

Sátẹ́láìtì náà rí i. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà ní NASA pàṣẹ pé kí ó fi àmì ìfura sí iye èyíkéyìí tí kò bá tó 180, nítorí kò sí ẹni tí ó rí irú rẹ̀ rí lórí ilẹ̀ ayé. Ìtàn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà da àwọn nọ́ńbà náà nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn onímọ̀ sì ń sùn. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, òótọ́ rẹ̀ sì bà mí lẹ́rù ju irọ́ rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kò da nǹkan kan nù. Àmì ni ó fi sí i. Àwọn onímọ̀ náà rí àmì tí ó pọ̀ jọ sí orí Antarctica ní oṣù kẹwàá 1983. Wọ́n sì ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọlúàbí ṣe: wọ́n lọ gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kejì. Ibùdó Amẹ́ríkà kan wà ní ìsàlẹ̀ ayé gan-an, tí ó ní ẹ̀rọ Dobson tirẹ̀. Wọ́n wo ohun tí ibùdó yẹn kọ. Ó kọ 300 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá dà bí ẹni pé sátẹ́láìtì ni ó ń purọ́.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ó ṣìnà. Wọn kò to ẹ̀rọ ibùdó náà bí ó ti yẹ, nítorí náà iye tí ó ń mú jáde kì í ṣe òótọ́, ó sì ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ tí ó jọ òótọ́ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ borí òótọ́ tí ó jọ irọ́. Mo ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá kò dára. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí a ó ṣe bí ẹni kejì bá jẹ́ aláṣìṣe tí ó sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ní oṣù karùn-ún 1985, Farman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Àwọn ará NASA padà sí àkọsílẹ̀ tiwọn. Nítorí pé àmì ni wọ́n fi sí i, tí wọn kò pa á rẹ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ láti 1978: wọ́n sì ya àwòrán ihò tí ó tóbi tó ilẹ̀ Antarctica fún gbogbo ayé láti rí. Ní ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dín àwọn kẹ́míkà tí ó ń ba òsóònù jẹ́ kù, irú èyí tí ó wà nínú fíríìjì àti nínú agolo tí a ń fọ́n.

Níhìn-ín ni mo rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ohun tí ó gbà wá lọ́wọ́ irọ́ El Azizia àti ohun tí ó gba òótọ́ Antarctica lọ́wọ́ ìfura, ohun kan náà ni: ẹnì kan kò ya ojú ìwé. Bí akọ̀wé àgbà kan ní Tripoli bá ti rí àṣìṣe àyè yẹn ní 1922, tí ó sì tún un kọ mímọ́ tónítóní lórí ìwé tuntun, tí ó fi ti àtijọ́ dáná, El Fadli ì bá tí rí nǹkan kan. Àṣìṣe náà ì bá ti di mímọ́ bí aṣọ tí a fọ̀. Ní àwọn ọ́fíìsì wa nílé, mo ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí a tún kọ bẹ́ẹ̀ nítorí kí ó lè wu ọ̀gá, àwọn tí ó ṣe é sì rò pé iṣẹ́ rere ni.

Nínú àkójọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ilé-iṣẹ́ NOAA ń tọ́jú ní Asheville, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, àyè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí àyè náà bá ṣófo, nọ́ńbà ti yege. Bí lẹ́tà I bá wà níbẹ̀, ó tako ara rẹ̀. Bí K bá wà níbẹ̀, ó ti ń tún ara rẹ̀ sọ jù. Bí S bá wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà dúró síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀sùn tí a fi kàn án, kí ẹni tí yóò wá lọ́la lè dá ẹjọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí El Azizia kúrò lórí oyè, oyè kọjá sí Death Valley ní California, níbi tí wọ́n ti kọ 56.7 sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1913. Òun náà ní àwọn tí kò gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀rọ òde òní ní ibi kan náà kò kọjá 54.4 ní 2020 àti 2021. WMO kò tíì yọ ọ́. Ní Mitribah ní ilẹ̀ Kuwait, ẹ̀rọ sọ pé dígírì 54.0 ni ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje 2016. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi tí a ti ń yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n fi wé èyí tí ó dá wọn lójú, wọ́n sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta wádìí rẹ̀. Ní 2019 wọ́n kéde iye tí wọ́n gbà: 53.9. Ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì kan ni wọ́n yọ kúrò.